Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọ́ àpáta

Ọjọ́ kìíní

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá díẹ̀ nígbà tí a wọ Ìdànrè. Àkúrẹ́ kò jìnnà síbẹ̀, ṣùgbọ́n òjò ká wa mọ́ ojú ọ̀nà, awakọ̀ sì ń rọra lọ bí ẹni tó ru ẹyin. Kí èèyàn tó rí òrùlé kan ṣoṣo ni àpáta ti ń yọrí: ọ̀kan lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, títí wọ́n fi yí ọkọ̀ ká pátápátá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó tì mí ní wọ́n dà bí erin tó dùbúlẹ̀. Lójú tèmi, ìkòkò àmù tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ni.

Mẹ́rin ni wá. Dókítà, tó ń kọ́ni nípa ẹranko ní yunifásítì, ni olórí wa. Ó mú akẹ́kọ̀ọ́ méjì dání, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Èmi ni ẹnì kẹrin, ayàwòrán tí kò mọ̀ ju kó tẹ kámẹ́rà lọ. Nígbà tí wọ́n pè mí pé kí n wá ya ọ̀pọ̀lọ́, mo rò pé wọ́n ń bá mi ṣàwàdà ni. Ṣé ọ̀pọ̀lọ́ tó kún ẹ̀yìnkùlé gbogbo wa náà ni a máa gun òkè lọ wá?

Èyí kì í ṣe ti ẹ̀yìnkùlé. Ní gbogbo ayé, orí àwọn àpáta Ìdànrè ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Arne Schiøtz, ará Denmark, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1963, ó sì fi sọrí Jean-Luc Perret, ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ Kamẹrúùnù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀dá náà pòórá lójú àwọn onímọ̀. Ó lé ní ogójì ọdún tí kò sí ìròyìn kankan nípa rẹ̀, àfi ní 2014 tí Abiodun Onadeko ti Yunifásítì Èkó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé jáde pé àwọn ti tún rí i. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà Schiøtz. Sclerophrys perreti ni wọ́n ń pè é báyìí.

Bàbá tó máa mú wa gòkè wá kí wa lálẹ́. Dókítà fi àwòrán ẹ̀dá náà hàn án lórí fóònù. Bàbá sún fóònù jìnnà sójú, ó wò ó, ó dá a padà.

"Ọ̀pọ̀lọ́ àpáta nìyí. Àbí òun kọ́?"

Dókítà ní òun ni. Ó wá sọ fún un pé ó lé ní ogójì ọdún tí àwọn onímọ̀ kò fi mọ ibi tó wọlé sí. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

"Ẹ̀yin lẹ sọnù, Dókítà. Òun wà nílé rẹ̀."

Lẹ́yìn tí Bàbá lọ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ náà sì yà mí lẹ́nu: bàtà fífọ̀. A kó gbogbo bàtà òjò wa jáde, a fi búrọ́ọ̀ṣì họ ẹrẹ̀ abẹ́ wọn dé inú ihò tó kéré jù, lẹ́yìn náà a rì wọ́n sínú omi tí a pò mọ́ bílíìṣì. Àwọ̀n, ike, òṣùwọ̀n, ẹsẹ̀ kámẹ́rà mi pàápàá, kò sí èyí tó yọ sílẹ̀. Mo béèrè bóyá nítorí kòkòrò tó lè mú wa lórí òkè ni.

"Rárá o," Dókítà dáhùn. "Nítorí ohun tí àwa lè gbé lọ bá wọn ni."

Àrùn kan wà tó ń pa ọ̀pọ̀lọ́ káàkiri ayé. Ohun tó ń fà á jẹ́ ìbátan ohun tó ń mú búrẹ́dì bu, ṣùgbọ́n omi ló ń bá rìn, awọ ọ̀pọ̀lọ́ ló sì ń jẹ. Awọ yìí kì í ṣe aṣọ lásán fún ọ̀pọ̀lọ́. Kì í fi ẹnu mu omi bíi tiwa. Awọ ló fi ń fà á. Awọ náà ló fi ń mí kún èyí tó ń fi imú mí, òun náà ló fi ń díwọ̀n iyọ̀ ara rẹ̀. Tí àrùn yìí bá ti ba awọ jẹ́, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á dínkù, ọkàn á sì dákẹ́. Ní 2019, àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé irú ọ̀pọ̀lọ́ àti ìbátan wọn 501 ni àrùn náà ti dínkù, wọ́n sì gbà pé 90 nínú wọn ti pa rẹ́. Ìròyìn àkọ́kọ́ pé ó ti wà ní Nàìjíríà jáde ní 2009.

Ẹ̀dá tó jẹ́ pé òkè kan ṣoṣo ló ní láyé, ẹrẹ̀ abẹ́ bàtà ẹnì kan tó láti pa á run. Mo tún bàtà mi fọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kejì

Àtẹ̀gùn. Ó lé ní 600 kí èèyàn tó dé ìlú àtijọ́ tí àwọn ará Ìdànrè gbé lórí òkè kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Mo kà á dé 212, mo bá ṣe tán pẹ̀lú ìṣirò. Bàbá, tó fi ọjọ́ orí bí mi, ń gùn ún lọ níwájú, ó sì ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́.

Ní ibi ìsinmi kan, akọ alángbá olórí pupa kan dúró lórí òkúta, ara rẹ̀ dúdú bí aró, ó ń fi apá ti ara rẹ̀ sókè sódò, ó ń mirí. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ ìdí tó fi ń mirí: ó já láti orí ìrókò, kò sẹ́ni tó yìn ín. Dókítà ní tòun ni pé ó ń kìlọ̀ fún akọ mìíràn pé ilẹ̀ yìí ní onílé, ó sì ń ta abo lólobó pé òun wà ńlé. Mo ní àlàyé méjèèjì kò ta kora.

Ohun tó sọ tẹ̀lé e ni n kò ní gbàgbé. Lára irú alángbá yìí gan-an, ní Dakar, ni onímọ̀ kan, Madeleine Charnier, ti ṣàkíyèsí ní 1966 pé ooru ibi tí ẹyin wà ló ń pinnu bóyá akọ tàbí abo ni yóò pa. Kò sí ẹranko afàyàfà kankan tí wọ́n ti rí irú rẹ̀ ṣáájú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀nì rí, àti ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbátan ìjàpá. Ti alángbá, ibi tó gbóná ń mú akọ wá, ibi tó tutù díẹ̀ ń mú abo wá. Mo gbé ọwọ́ lé àpáta tí a jókòó sí. Aago mẹ́wàá àárọ̀ kò tíì lù, ó sì ti ń ta mí lọ́wọ́. Bí ilẹ̀ bá ń gbóná báyìí lọ, ọ̀rọ̀ ìyàwó lè di ìṣòro fún àwọn olórí pupa.

Àwọn tó ń bọ̀ wá wo òkè, ààfin àtijọ́ ni wọ́n máa ń lọ tààrà. A wò ó fẹ̀rẹ̀, a yà kúrò lójú ọ̀nà, a sì gba orí àpáta gbalaja. Bàbá dúró.

"Ẹ má tẹ ibi dúdú."

Mo rò pé nítorí pé ó ń yọ̀ ni. Ó ń yọ̀ lóòótọ́ (ẹ ó gbọ́ nípa ìyẹn), ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí nìyẹn. Àwọn ìlà dúdú tí a máa ń rí láti ìsàlẹ̀, tó dà bí ìgbà tí àdí dà sára àpáta, nǹkan alààyè ni. Àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan ló tẹ́ ara wọn síbẹ̀ níbi tí omi ń gbà. Òun ni àpáta fi ń dúdú. Tí a bá sì fojú ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ wò ó, oúnjẹ ni.

Lókè àwọn ìlà dúdú náà ni koríko kan wà tó hun ara rẹ̀ pọ̀ bí ẹní, gbòǹgbò rẹ̀ kò wọ ilẹ̀ nítorí pé kò sí ilẹ̀ níbẹ̀. Àpáta pọ́ńbélé ló dì mú. Afrotrilepis pilosa ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, á gbẹ dà bí ohun tó ti kú, tí òjò bá rọ̀ á tún yọ ewé tútù. Mo fi ìka tẹ etí rẹ̀, omi sì yọ jáde bí ìgbà tí èèyàn fún kàn-ìn-kàn-ìn. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Òjò á rọ̀, á dá, koríko yìí á máa jò ó sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, omi náà á máa yọ́ sàn lórí àpáta, kò nípọn ju òógùn iwájú orí lọ. A kọjá ibì kan tí iná ti jó ẹní koríko náà. Eérú ti lọ, gbòǹgbò dúdú ló kù. Ìlà abẹ́ rẹ̀ ti gbẹ, ó ń bó bí ọ̀dà ara ògiri. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ní abẹ́ èyí tí kò jó, mo kúnlẹ̀. N kò rí nǹkan kan. Akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin ní kí n má wo omi, kí n wo òjìji. Ìgbà náà ni nǹkan kan mira. Ìrù ni mo kọ́kọ́ rí, ó gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ inú kòtò lọ. Orí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ òkúta, ẹnu ń họ ibi dúdú náà, ẹ̀yìn rẹ̀ sì yọ síta sójú afẹ́fẹ́, nítorí omi kò tó bò ó. Ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ wà níta omi! Mo nawọ́, ó fi ìrù ta ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tún lẹ̀. Bí mo ti rí ọ̀kan ni mo wá ń rí wọn níbi gbogbo. Mo ka mẹ́rìndínlógún níbi tí kò fẹ̀ ju àtẹ́ lọ, ojú mi dàrú.

Mo bi Dókítà pé kí ló dé tí ìyá wọn kò kúkú lọ wá omi gidi. Ó ní kí n ro ohun tó wà nínú omi gidi: ẹja, alákàn, ọmọ lámilámi tó ń jẹ ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Lórí àpáta, ọ̀tá ò pọ̀. Oòrùn ni ọ̀tá. Tí òjò bá dá tí ẹní koríko náà sì jò tán kí ẹsẹ̀ wọn tó yọ, gbogbo ọmọ tó wà lójú ìlà kan lè bá a lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ọjọ́ kẹta

Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán, nítorí náà òru la lọ bá àwọn ìyá àti bàbá. Aago mẹ́jọ alẹ́ la gùn ún, oníkálùkù pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lórí. Àtẹ̀gùn tó fẹ́ pa mí lánàá rọrùn díẹ̀ lóru, bóyá nítorí pé n kò rí èyí tó kù.

Akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin, tí Bàbá ti sọ di "ìyàwó mi" láti àárọ̀ àná, ló rí èyí àkọ́kọ́. Ó jókòó sójú ibi tí àpáta ti là, ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí wa bí àgbàlagbà tí wọ́n wá da oorun rẹ̀ rú. Bí kì í bá ṣe ojú rẹ̀ tó tan iná padà ni, mi ò bá gba ibẹ̀ kọjá. Àwọ̀ àpáta ni àwọ̀ rẹ̀. Ó kéré sí ọ̀pọ̀lọ́ ilé, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń mì tìkì, tìkì, tìkì, láìsinmi.

Bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀ wú mi lórí. Ìbọ̀wọ́ tuntun ni fún ọ̀pọ̀lọ́ kọ̀ọ̀kan. Wọn ò fi ọwọ́ tó kan èyí kan òmíràn. Dókítà dì í mú wẹ́rẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin fi òwú orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan nu ikùn rẹ̀, itan rẹ̀, àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti òwú náà bọ inú ike kékeré, ó kọ nọ́ńbà sí i. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n díwọ̀n rẹ̀ láti imú dé ìdí, wọ́n sì dá a padà sí ojú ibi tó ti jókòó gan-an. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta.

"Dókítà," Bàbá ní, "nígbà tí mo lọ gba ìtọ́jú ẹsẹ̀ mi, wọn ò fara balẹ̀ wò mí tó báyìí."

Òwú náà ni wọ́n máa gbé lọ sí yàrá àyẹ̀wò láti mọ̀ bóyá àrùn awọ náà wà níbẹ̀. A ò lè fi ojú mọ̀ ọ́n. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ti ọ̀pọ̀lọ́ náà nìyẹn, pàápàá tó jẹ́ pé àwọn irú kan lè ru àrùn náà kiri láìṣàìsàn, kí wọ́n sì kó o ran àwọn tí yóò pa.

Láti ìsàlẹ̀ ni ariwo àkèré àti kọ̀ǹkọ̀ ti ń gòkè bọ̀, bí ọjà tó kún. Bàbá ní ìyẹn ni ẹran, òun jẹ ẹ́ gan-an nígbà èwe. Ọ̀pọ̀lọ́ àpáta ńkọ́? Ó yọ ṣùtì ètè. Oró tó wà lẹ́yìn ojú ọ̀pọ̀lọ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ronú sísè é. Oró yẹn ti gbà á lọ́wọ́ ìkòkò ọbẹ̀, àkèré àti kọ̀ǹkọ̀ kò ní irú rẹ̀. Èmi náà ti rí wọn ní gbígbẹ lọ́jà, tí wọ́n gún wọn mọ́ igi bí ẹran sùúyà, mi ò sì ronú kàn án rí pé alẹ́ tí ibì kan bá dákẹ́, bóyá ọjà ni ariwo rẹ̀ bá lọ.

Àkókò tó kàn mí wá dé. Mo dojú bolẹ̀ láti ya ọ̀kan tó wà létí omi, mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo sì jókòó tìmùtìmù sórí ibi dúdú tí Bàbá ní kí n má tẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè bí ìdí mi ti rí. Gbogbo wọn gbé tọ́ọ̀ṣì wá wo abẹ́ mi bóyá ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ wà níbẹ̀. Kò sí, mo dúpẹ́.

Ọjọ́ kẹrin

Òjò láti ìdájí. A ò jáde. Ṣòkòtò mi wà lórí okùn, kò gbẹ, kò fẹ́ gbẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin ń tẹ nọ́ńbà sínú kọ̀ǹpútà, èmi ń yọ àwòrán tí kò dára kúrò, ọ̀rọ̀ sì wá kan bí nǹkan ti rí lápapọ̀. Dókítà sọ pé ní 2022, nígbà tí wọ́n yẹ àwọn afàyàfà wò káàkiri ayé, irú 10,196, ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà nínú ewu píparẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ti ọ̀pọ̀lọ́ àti àwọn ìbátan rẹ̀ jáde, tó lé ní 8,000. Ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ní kí ló dé tí a ń gbọ́ ti erin àti kìnnìún nígbà gbogbo tí a kì í gbọ́ èyí. Ó wò mí, ó ní, "Ìwọ tó o jẹ́ ayàwòrán, ọ̀pọ̀lọ́ mélòó lo ti yà kó tó di ọ̀sẹ̀ yìí?"

Mo padà sídìí àwòrán mi.

Ọjọ́ karùn-ún

Oòrùn yọ. A kò gòkè. A gba inú oko kòkó lọ sí etí odò kékeré kan nísàlẹ̀ òkè. Olóko, ọkùnrin tó ń lọ sí ọgọ́ta ọdún, ló bá wa rìn pẹ̀lú ọmọ rẹ̀.

Ibi tí mo ti rò pé n kò ní rí nǹkan kan ni mo ti rí ohun tó pọ̀ jù. Ewé kan wà tó so rọ̀ sórí omi, nǹkan funfun lẹ̀ mọ́ ọn bí ìfófòó ọṣẹ tí ẹni tó ń wẹ̀ gbàgbé síbẹ̀. Ìtẹ́ ọ̀pọ̀lọ́ orí igi ni. Abo ló ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn po omi ara rẹ̀ títí á fi hó, á yé ẹyin sáàárín rẹ̀. Ara ìfófòó náà á gbẹ níta, inú rẹ̀ á tutù. Tí ọmọ bá tó jáde, á já bọ́ sínú odò. Ní ilẹ̀, lábẹ́ ewé kòkó jíjẹrà, akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin mú ọ̀pọ̀lọ́ kan tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Irú tirẹ̀ kì í wá omi fún ọmọ rárá. Inú ewé tútù ló ń yé sí, ọmọ á sì ti inú ẹyin jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láìní ìrù tí ń wẹ̀. Ọ̀kan lórí àpáta, ọ̀kan nínú ìfófòó, ọ̀kan nínú ewé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìdí tí Dókítà fi máa ń bínú tí èèyàn bá ní "ọ̀pọ̀lọ́ kan náà ni gbogbo wọn".

Olóko ní ahun tún máa ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tí ẹ̀yìn igbá rẹ̀ ń ṣí, ń tì bí ìlẹ̀kùn. Dókítà béèrè ìgbà tó rí i kẹ́yìn. Ọkùnrin náà ronú. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó ní ọmọ náà kò tíì rí i rí, ọmọ náà sì ti gboyè ní yunifásítì.

A dé ibi tí ó ti ń po oògùn. Àbàwọ́n búlúù kan tó rí bí òṣùpá wà lórí òkúta etí odò, àmì oògùn tí wọ́n fi ń dènà kí èso kòkó má jẹrà dúdú lásìkò òjò. Níbẹ̀ ló ti ń fọ ike ìfọ́noògùn tó máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, torí níbẹ̀ ni omi wà. Ẹ rántí awọ tí mo sọ: ohun tó bá wà nínú omi, ọ̀pọ̀lọ́ ti mu ún nìyẹn. Mo rò pé Dókítà máa jà. Kò jà. Ó bi í pé mélòó ló ń kórè tí kò bá fọ́n oògùn. Ọkùnrin náà ní ọdún tí òun kò fọ́n ọn, ìdajì ló jẹrà lórí igi. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń dúró de ìbáwí.

"Ẹ máa fọ́n ọn," Dókítà ní. "Ṣùgbọ́n ẹ gbé omi lọ bá ike, ẹ má gbé ike wá bá omi. Ẹ bù ú lọ sókè níbẹ̀ yẹn, kí ẹ fọ̀ ọ́ síbi tí ilẹ̀ á ti mu ún. Ẹ má sì fọ́n oògùn dé etí odò."

Ó ní yóò gbìyànjú. Mo gbà á gbọ́ ní ìdajì. Ọ̀nà láti odò sókè ibi tó tọ́ka sí ga, garawa omi sì wúwo.

Nígbà tí a ń padà, ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi nǹkan hàn wá. Ọká kan ni, tí ó pa ní ìdájí lẹ́bàá ahéré. Ó tóbi bí apá mi, àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ sì dọ́gba bí aṣọ tí oníṣọ̀nà fara balẹ̀ hun. Mi ò lè purọ́: bí èmi náà bá bá a lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi ni yóò kọ́kọ́ ṣèdájọ́. Oró rẹ̀ ń pa èèyàn. Dókítà béèrè bóyá òun lè la ikùn rẹ̀. Wọ́n gbà. Ó fi ọ̀bẹ kékeré là á láti òkè wá sísàlẹ̀, ó sì fi ọ̀pá yọ ohun tó wà níbẹ̀: eku igbó méjì, ọ̀kan ṣì lódindi, irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara, eyín iwájú rẹ̀ pọ́n bí ògùṣọ̀.

Olóko bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó wò ó pẹ́.

"Àwọn yìí ló ń lu kòkó mi nídìí."

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ọmọ rẹ̀ fi ẹsẹ̀ gbọ́n iyẹ̀pẹ̀ bo ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀.

Ọjọ́ kẹfà

Ìgbà ìkẹyìn lórí òkè. Ohun méjì ló kù: ká tún ka àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́, ká sì yọ ẹ̀rọ kékeré tó ń kọ ooru àpáta sílẹ̀. Oòrùn àná àti ti òní ti gbẹ gbogbo ibi tí kò sí koríko lókè rẹ̀.

Abẹ́ ẹní koríko àkọ́kọ́ ṣì ń sàn. Àwọn ọmọ wà níbẹ̀, wọ́n ń họ oúnjẹ wọn, kò kàn wọ́n. Òdòdó aláwọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò kan, kò ju orí ìṣáná lọ, ti yọ létí omi náà. Dókítà ní ẹranko ni èyí náà ń jẹ, pé ó ní àpò wẹ́wẹ́ lábẹ́ tó fi ń fa kòkòrò inú omi mì. Lórí òkè yìí, mo ti jáwọ́ nínú sísọ pé irọ́ ni.

Ibi kejì, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi táwọn àlejò máa ń gbà kọjá, a bá àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún níbẹ̀. Ọ̀kan ń fi ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ sínú omi tó yọ́ ń bọ̀, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sì wà nílẹ̀ yí wọn ká. Bàbá kò pariwo. Ó kí wọn, ó béèrè ìlú wọn, ó yin bàtà ọ̀kan nínú wọn, ó wá ní kí wọ́n wá wo nǹkan. Ó fi ìka hàn wọ́n lábẹ́ ibi tí ọṣẹ kò tíì dé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, márààrún. "Yéè, ó ní ojú!" ni ọmọbìnrin kan pa. Ẹni tó ń fọ ẹsẹ̀ ti dá ọṣẹ sínú àpò kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un. Ọ̀rá, Bàbá ló ṣì kó o.

Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́. Ẹnì kan, bóyá lánàá, ti kó òkúta jọ sórí ìlà omi náà kí bàtà má baà tutù, omi sì ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń ṣòfò sínú ihò àpáta. Ìlà dúdú tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti ń funfun. Níbi tó rẹlẹ̀ jù, tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ni gbogbo àwọn ọmọ náà ti rọ́ jọ sínú omi tó kù, orí lórí ara wọn. Àwọn tí kò débẹ̀ ti gbẹ mọ́ àpáta níbi tí wọ́n wà. Wọ́n dà bí hóró àgbálùmọ̀ tí wọ́n tutọ́ rẹ̀ sílẹ̀, àfi ìrù.

Akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin ti ṣí omi mímu rẹ̀. Ó wo Dókítà. Dókítà kò sọ pé kó dà á, kò sì sọ pé kó má dà á. Ó ní kí ó kọ́kọ́ ka ti ààyè àti ti òkú. Ó kà á. Ohùn rẹ̀ kò dúró dáadáa nígbà tó ń pe nọ́ńbà kejì.

Bàbá ti wà lókè lọ́dọ̀ àwọn òkúta náà. Ó ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò jù wọ́n, ó ń tò wọ́n sí ìhà kejì níbi tí àpáta ti gbẹ, ó ń ṣe ọ̀nà mìíràn fún bàtà. Mo gbé kámẹ́rà sílẹ̀, mo lọ bá a gbé èyí tó tóbi jù. Nígbà tí a yọ ọ́, omi dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ sísàlẹ̀, ó ń mú ibi funfun náà dúdú bó ti ń lọ. Ó pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tó dé, èyí tó wà létí jù ta ìrù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè.

Bàbá ń nu ọwọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀. "Ẹ bá mi kọ ọ́ sí pátákó," ó ní, "kí wọ́n máa gba ibí. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà. Ọ̀pọ̀ wọn kì í wolẹ̀."